Bíà Pípọn Nílé Pẹ̀lú Ọkà Bàbà: Ìdáhùn fún Òǹkàwé Wa Kan ní Iléṣà

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Iléṣà ni mo ń gbé, mo sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pọn bíà nínú ilé, fún èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi nìkan. Gbogbo fídíò tí mo wò ló ní báálì, ọkà òkèèrè tí wọ́n sábà fi ń pọn bíà, ni kí n rà, owó rẹ̀ sì ju agbára mi lọ. Mo wá ra ọkà bàbà, mo rẹ ẹ́, mo jẹ́ kí ó hù, mo sá a, mo lọ̀ ọ́, mo da omi híhó lé e lórí, nígbà tó tutù mo fi yíìsì búrẹ́dì sí i. Ohun tó jáde ki bí ẹ̀kọ, ó kan, kò sì lágbára rárá. Ṣé ọkà bàbà kò ṣeé fi pọn bíà ni, àbí èmi ni mi ò ṣe é bó ṣe yẹ?"

Ìdáhùn: Ọkà bàbà ṣeé fi pọn bíà, ẹ̀rí rẹ̀ kò sì jìnnà sí yín. Láti ọdún 1978 ni ilé iṣẹ́ International Breweries ti ń pọn ọtí ní Iléṣà níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sì fòfin de kíkó báálì wọ Nàìjíríà ní ọdún 1988, ọkà bàbà àti àgbàdo ni àwọn ilé ìpọntí wa kọjú sí, títí di òní sì ni ọkà bàbà wà nínú ọ̀pọ̀ bíà tí à ń mu. Nítorí náà, ẹ má ṣe da ẹ̀bi ru ọkà náà. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣe báálì ni ẹ lò fún un, ẹ tún wá fi omi híhó kún un, ibẹ̀ gan-an ni ọtí yín ti bàjẹ́, kí ó tó di pé ẹ mú yíìsì jáde rárá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò yín nìyí. Sítáàṣì ló kún inú hóró ọkà, yíìsì kò sì lè jẹ sítáàṣì. Ṣúgà nìkan ló lè jẹ, òun ló sì ń sọ di ọtí àti gáàsì. Nígbà tí ọkà bá ń hù, ó máa ń pèsè àwọn èròjà kan tí wọ́n ń pè ní ẹ́ńsáìmù, iṣẹ́ wọn sì ni láti gé sítáàṣì wẹ́wẹ́ títí yóò fi di ṣúgà. Ṣùgbọ́n sítáàṣì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jinná kí ó sì wú kí ẹ́ńsáìmù tó lè ráyè gé e, bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńsáìmù fúnra rẹ̀ kì í fara da ooru tó pọ̀. Báálì kò ní wàhálà yìí, nítorí pé ní nǹkan bí ìwọ̀n ooru 60 sí 65 (ti Celsius ni gbogbo ìwọ̀n tí mo bá dárúkọ) ni sítáàṣì rẹ̀ ti ń jinná, ẹ́ńsáìmù sì ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa níbẹ̀. Ti ọkà bàbà ga ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó lè tó 70 tàbí 75 kí sítáàṣì rẹ̀ tó jinná tán, nígbà yẹn ẹ́ńsáìmù ti ń kú lọ. Bí ẹ bá tẹ̀lé fídíò, tí ẹ lo omi oníwọ̀n 65, sítáàṣì náà kò ní jinná. Bí ẹ bá sì da omi híhó lé e, yóò jinná lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńsáìmù yóò ti kú, kò ní sí ohun tí yóò gé sítáàṣì náà, yóò sì ki bí ẹ̀kọ bí ẹ ṣe rí i. Ìwọ̀nba ṣúgà tó wà níbẹ̀ ni yíìsì rí jẹ, ìyókù di ti àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń mú nǹkan kan, ìdí nìyẹn tí kò fi lágbára tó sì kan.

Ọ̀nà àbáyọ ni kí a yà wọ́n sọ́tọ̀: kí a yọ ẹ́ńsáìmù kúrò níbẹ̀ ná, kí a se sítáàṣì jinná, kí a jẹ́ kí ó rọlẹ̀, kí a tó wá dá àwọn méjèèjì pọ̀. Mo máa ṣàlàyé rẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ yín fi lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkà, nítorí pé ọkà híhù tí kò dára kò ní àtúnṣe mọ́ bó bá ti dé inú ìkòkò.

Bí ẹ bá dé ọjà Atákúnmọ́sà, ọkà bàbà funfun ni kí ẹ béèrè. Àwọn irú ọkà bàbà pupa kan ní tánìnì nínú, èròjà kan tó máa ń korò lẹ́nu, tánìnì yìí sì máa ń so ẹ́ńsáìmù lọ́wọ́. Ẹni tó ti mọ iṣẹ́ náà lè lò ó, ṣùgbọ́n kò yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ rí i dájú pé ọkà jíjẹ ni wọ́n tà fún yín, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti fi oògùn pa lára fún gbígbìn. Oògùn náà sábà máa ń ní àwọ̀ pupa tàbí àwọ̀ ewé tí kì í ṣe àwọ̀ ọkà, májèlé sì ni. Lẹ́yìn náà, ẹ ka 100 hóró, ẹ dì í sínú aṣọ tí ẹ ti rẹ sínú omi, kí ẹ sì máa wò ó fún ọjọ́ 3. Bí èyí tó hù kò bá tó 90, ẹ fi ọkà náà ṣe oúnjẹ, kí ẹ wá òmíràn lọ, nítorí pé hóró tí kò hù kò ní ẹ́ńsáìmù kankan tí yóò fún yín.

Fún ìpọn àkọ́kọ́, ẹ wọn kílò 2. Ẹ ṣà á, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún wákàtí 24, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà ní wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ, kí ẹ sì jẹ́ kí ọkà náà wà láìsí omi fún bíi wákàtí kan kí ẹ tó da omi mìíràn sí i, nítorí pé hóró náà ń mí, bí omi bá sì bò ó títí, yóò kú. Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ́ ẹ sórí àpò tó mọ́ ní ibi tí oòrùn kò dé, kí ó má nípọn ju ìka méjì lọ, ẹ fi aṣọ tútù bò ó, ẹ máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ẹ sì máa fi ọwọ́ tú u ká. Bí ẹ bá ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, ẹ óò rí i pé ó gbóná; ara ọkà tó ń hù ló ń mú ooru yẹn wá, bí ẹ kò bá tú u ká, gbòǹgbò yóò so mọ́ra, àárín rẹ̀ yóò sì máa rà. Láàárín ọjọ́ 3 sí 5, nígbà tí ọ̀mùnú rẹ̀ bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì, ó ti tó. Ẹ sá a sínú oòrùn títí yóò fi gbẹ táútáú tí yóò máa dún bí ẹ bá gé e jẹ. Ẹ má gbé e ka iná, kí ẹ́ńsáìmù má baà kú sínú rẹ̀.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹ mú ní pàtàkì níbí, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìlera ni. Èkíní ni pé ọ̀mùnú àti gbòǹgbò ọkà bàbà ní èròjà tó ń di sáyánáìdì, irú májèlé tó wà nínú gbágùúdá tútù. Nígbà tí ọkà náà bá ti gbẹ, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á dáadáa, kí ẹ fẹ́ gbogbo ọ̀mùnú àti gbòǹgbò rẹ̀ dànù; gbígbẹ àti sísè ni yóò tún dín ìyókù kù. Ẹ má sì fún ewúrẹ́ tàbí adìẹ ní ọ̀mùnú tútù rẹ̀ jẹ. Èkejì ni ọkà tó bu. Bí ẹ bá rí ohun funfun tàbí aláwọ̀ ewé tó bò ó bí òwú, tàbí tí ó ń rùn bí ilé tí omi ti wọ̀, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ kó dànù. Irú ìbu bẹ́ẹ̀ lè mú májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin wá, ẹ̀dọ̀ ló sì máa ń bà jẹ́, kò sí bí ẹ ṣe lè sè é tó tí iná yóò fi pa á tán. Mo mọ̀ pé ó máa ń dun èèyàn láti kó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan dànù, pàápàá bí ó bá jẹ́ igun kan péré ló bu. Síbẹ̀, ẹ kó o dànù.

Ó wá ku ìkòkò. Ẹ ra tẹmómítà tí wọ́n fi ń wọn ooru oúnjẹ. Èyí tí nọ́ọ̀sì ń fi sí abíyá kò wúlò, torí kì í kọjá 42. Nínú gbogbo irinṣẹ́, òun nìkan ni mi ò ní gbà kí ẹ fi nǹkan mìíràn rọ́pò. Ẹ wọn kílò kan ààbọ̀ nínú ọkà híhù tí ẹ ti fẹ́ mọ́, ẹ lọ̀ ọ́ kí ó rí wóróworo díẹ̀, kí ó má kúnná bí èlùbọ́, ẹ sì pò ó mọ́ lítà 5 omi tí ooru rẹ̀ tó 45. Ẹ rò ó fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí, kí ẹ tún má fọwọ́ kàn án fún ìdajì wákàtí mìíràn. Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí ti mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀: ọkà yóò silẹ̀ sísàlẹ̀, omi yóò sì lé téńté sókè. Omi òkè yìí ni kí ẹ rọra bù, nǹkan bíi lítà 2 ààbọ̀, sínú ìkòkò mìíràn tó mọ́. Kò jọ ohun tó níye lórí, ó rú, ó sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ́ńsáìmù yín wà. Ẹ dé e, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó sún mọ́ iná.

Èyí tó ṣẹ́kù sísàlẹ̀ ni kí ẹ gbé ka iná. Ẹ fi lítà kan ààbọ̀ omi kún un, ẹ máa rò ó kí ó má jóná nísàlẹ̀, kí ó sì hó fún ìdajì wákàtí gbáko. Yóò ki, apá yóò sì ro yín. Ẹ jẹ́ kí ó ki, sítáàṣì ló ń jinná yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ooru rẹ̀ wálẹ̀ sí 80. Ẹ dúró tì í, kí ẹ máa fi tẹmómítà wò ó, ẹ má ṣe fojú wọ̀n ọ́n. Nígbà tó bá di 80 ni kí ẹ da omi tí ẹ bù sílẹ̀ sí i, kí ẹ sì rò ó pọ̀ dáadáa. Àpapọ̀ wọn yóò bọ́ sí nǹkan bí 65, ibi tí iṣẹ́ ti yá ẹ́ńsáìmù jù lọ nìyẹn. Láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 20, ẹ̀yin fúnra yín yóò rí i tí ohun tó ki bí ẹ̀kọ yóò máa ṣàn, tí ṣíbí yóò máa lọ geere nínú rẹ̀. Ẹ fi ìka tọ́ ọ wò ní wákàtí kan lẹ́yìn náà, yóò ti dùn.

Ẹ fi aṣọ òtútù tó nípọn yí ìkòkò náà ká fún wákàtí kan sí kan ààbọ̀ kí ooru má fi sílẹ̀. Láti mọ̀ bóyá sítáàṣì ti tán, ẹ ra áyódìn kékeré ní ilé oògùn, ẹ kán omi ọkà náà sórí àwo funfun, kí ẹ sì kán áyódìn kan lé e. Bí ó bá dúdú bí aró, sítáàṣì ṣì wà, ẹ fún un ní àkókò sí i. Bí kò bá yí àwọ̀ áyódìn padà, ó ti parí. Ẹ da èyí tó wà nínú àwo nù, ẹ má dà á padà sínú ìkòkò.

Aṣọ tí a fi ń sẹ́ ògì ni kí ẹ fi sẹ́ ẹ. Ó máa pẹ́, nítorí pé ọkà bàbà kò ní èèpo líle bíi ti báálì, èyí tó máa ń jẹ́ kí omi rọ́nà kọjá. Ẹ da lítà 2 omi oníwọ̀n 75 sí èérí rẹ̀ láti fi fọ ìyókù ṣúgà jáde. Omi dídùn tí ẹ bá rí, ẹ sè é fún wákàtí kan láìdé e pa, títí yóò fi ku nǹkan bíi lítà 5. Ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í hó ni a máa ń fi ohun kíkorò sí i. Họ́ọ̀pù, òdòdó kan tó korò, ni wọ́n ń lò nílẹ̀ òkèèrè, gíráàmù 8 sí 10 sì tó fún lítà 5 bí ẹ bá rí i rà. Bí kò bá sí, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Nàìjíríà ti fi ewúro àti orógbó dán an wò gẹ́gẹ́ bí arọ́pò rẹ̀. Èmi fara mọ́ ewúro, ìwọ̀nba ewé díẹ̀ tí ẹ ti fọ̀ lójú méjì, kí ẹ máa tọ́ ọ wò, kí ẹ sì yọ ọ́ nígbà tí kíkorò rẹ̀ bá ti tẹ́ yín lọ́rùn. Adùn rẹ̀ kò rí bí ti họ́ọ̀pù, ṣùgbọ́n ó bá ọkà bàbà mu gan-an, ní tèmi.

Láti ìgbà tí ẹ bá ti sọ ìkòkò yìí kalẹ̀, ohun gbogbo tí yóò kàn án gbọ́dọ̀ mọ́ ju bí ẹ ṣe ń fọ abọ́ oúnjẹ lọ. Ẹ fi ọṣẹ fọ ike tí ẹ óò da ọtí náà sí, ìdérí, ọ̀pá rọ́bà àti ṣíbí, ẹ ṣàn wọ́n, lẹ́yìn náà kí ẹ rẹ wọ́n fún 20 ìṣẹ́jú sínú omi tí ẹ po oògùn ìfọṣọ funfun (bleach) mọ́, ṣíbí ìjẹun ńlá kan sí lítà 5, kí ẹ sì fi omi tí ẹ ti sè tó sì tutù ṣàn wọ́n nù. Ẹ má po oògùn yìí mọ́ ọtí kíkan tàbí òróǹbó láéláé, gáàsì tó ń jáde lára wọn lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ gbé ìkòkò náà sínú bàsíà omi tútù, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà títí ọtí yóò fi wà lábẹ́ 30. Bí ẹ bá ní yìnyín, ìta ìkòkò ni kí ó wà.

Ọ̀rọ̀ yíìsì ni ooru Iléṣà ti wọ̀ ọ́. Bíà irú èyí tí ilé iṣẹ́ ń tà, inú òtútù oníwọ̀n 8 sí 13 ni yíìsì rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, láìsí fíríìjì tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún un, ẹ kò lè ṣe é. Yíìsì tó fẹ́ràn ooru ni kí ẹ wá. Èyí tí wọ́n ń pè ní kveik, tó wá láti Norway, ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní 30 sí 35, irú ti saison, bíà ilẹ̀ Belgium kan, náà sì ń fara da ooru. Ẹ da omi ọkà tó ti tutù náà sínú ike, kí ẹ sì wọ́n yíìsì sí i; gíráàmù 3 sí 4 ti tó fún lítà 5. Yíìsì búrẹ́dì yóò sọ ọ́ di ọtí, n kò ní parọ́, ṣùgbọ́n òórùn búrẹ́dì kì í sábà kúrò lára rẹ̀, kì í sì í tètè silẹ̀. Ẹ gbé ike náà sí yàrá tó tutù jù nínú ilé, sínú bàsíà omi, kí ẹ fi aṣọ tútù wé e lára. Lásìkò ọyẹ́, aṣọ yìí máa ń mú ooru rẹ̀ wálẹ̀ dáadáa torí afẹ́fẹ́ gbẹ. Ẹ má dé e pinpin. Ẹ ti ọ̀pá rọ́bà bọ inú ìdérí rẹ̀, kí ẹ ki ẹnu kejì bọ ìgò omi, kí gáàsì lè máa rọ́nà jáde, kí afẹ́fẹ́ má sì wọlé.

Ẹ fún un ní ọjọ́ 10 sí 14. Bí ẹ bá lè ra háídírómítà, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn bí ṣúgà ṣe pọ̀ tó nínú omi ọtí, ẹ óò mọ̀ dájú ìgbà tó parí, nítorí pé iye tó bá fi hàn kò ní yí padà láàárín ọjọ́ 3. Òun náà ni yóò sọ bí ọtí ṣe le tó: bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní 1.045 tó sì parí sí 1.010, ó tó nǹkan bí ìdá 4.6 nínú ọgọ́rùn-ún.

Nípa ìgò, ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni kí ẹ kọ́kọ́ lò, ẹ má lo ìgò gíláàsì. Gíráàmù 30 ṣúgà, tí ẹ sè pẹ̀lú omi díẹ̀, ni ẹ óò pò mọ́ lítà 5 kí ẹ tó rọ ọ́, òun ni yóò mú kí ó hó. Bí ẹ bá fi ṣúgà jù ú, tàbí tí ẹ rọ ọ́ nígbà tí kò tíì parí, gáàsì yóò pọ̀ jù, ìgò gíláàsì sì lè bẹ́, kí àfọ́kù rẹ̀ fò sójú èèyàn. Ike kì í fọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ sì lè fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́: nígbà tó bá le gbandi, ẹ gbé e sínú fíríìjì.

Bí ẹ bá fẹ́ tà á lọ́jọ́ iwájú, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ NAFDAC. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì yín síbi kí ẹ máa fi ọtí náà se ògógóró. Bíà tí a kò tún sè kò ní ewu methanol, irú ọtí kan tó jẹ́ májèlé, tó pa àwọn èèyàn ní Òde-Ìrèlè, ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní ọdún 2015. Ẹ má fún ọmọdé, aláboyún tàbí ẹni tó fẹ́ wa ọkọ̀.

Ní ìpọn tó ń bọ̀ yìí, ẹ kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀ fún mi: iye hóró tó hù nínú 100, ooru tí ẹ bá lórí tẹmómítà lẹ́yìn tí ẹ po omi òkè mọ́ èyí tí ẹ sè, àti àwọ̀ tí áyódìn fi hàn lẹ́yìn wákàtí kan. Bí ọtí náà kò bá tíì wù yín, ẹ fi wọ́n ránṣẹ́, mo lè wò wọ́n kí n sọ ibi tí ẹ óò ti tún un ṣe.